Ṣé O Mọ̀? Ta Là Ń Pè Lọ́mọ Írẹ́lándì Gan-an?

Ṣé o mọ̀ pé Patrick Mímọ́, tí gbogbo Írẹ́lándì ń tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, kì í ṣe ọmọ Írẹ́lándì? Ilẹ̀ Britain ni wọ́n bí i sí. Kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 16 lọ tí àwọn ajínigbé láti Írẹ́lándì fi wá gbé e, wọ́n sọ ọ́ di ẹrú, ó ń da ẹran fún odidi ọdún mẹ́fà kó tó rí ọ̀nà sá lọ. Nígbà tó yá ló padà wá wàásù fún àwọn tó mú un lẹ́rú. Àlejò tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè ló wá di baba ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Àwa náà ní ìpín níbẹ̀ o: òun ni ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà láti 1961, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wá láti Írẹ́lándì ló sì fà á lé wa lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Dublin fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọjà ẹrú rí? Àwọn Viking tó wọkọ̀ ojú omi wá láti Scandinavia ló tẹ ibùdó náà dó ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, èèyàn sì wà lára ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún ọ pé ojúlówó ọmọ Dublin lòun, pé kò sí àlejò kankan nínú ìran òun, má bá a jiyàn. Rẹ́rìn-ín.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ń gbé ní erékùṣù náà lónìí, àríwá àti gúúsù pa pọ̀, kò tíì tó iye àwọn tó wà níbẹ̀ ní 1841? Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8 nígbà náà. Lónìí, díẹ̀ ni wọ́n fi lé ní mílíọ̀nù 7. Àrùn kan ló kọlu pòtétò ní 1845, pòtétò sì ni tálákà ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ewé oko á dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá wú ìdí rẹ̀, á ti rà sínú ilẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Títí di 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló ti kú, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ti wọkọ̀ lọ. Ohun tó ń dun àwọn ọmọ wọn títí di òní ni pé ọkà àti màlúù ń jáde ní èbúté Írẹ́lándì lọ sí England ní gbogbo àsìkò yẹn, lójú àwọn tí ebi ń pa kú.

Ṣé o mọ àwọn tó fowó ránṣẹ́ sí wọn ní 1847? Àwọn Choctaw ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún 16 péré ṣáájú ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn náà kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ọ̀pọ̀ wọn kú sójú ọ̀nà. Síbẹ̀ wọ́n dá owó jọ, ó tó dọ́là 170. Bí o bá dé Midleton ní Cork lónìí, wàá rí ìyẹ́ idì mẹ́sàn-án tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà rọ, tí wọ́n nà sókè yípo bí abọ́ tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ìrántí owó yẹn ni. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà gbòde, àwọn ọmọ Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ránṣẹ́ sí àwọn Navajo àti Hopi ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní gbèsè Choctaw làwọn ń san.

Ṣé o mọ̀ pé òyìnbó ti ya òyìnbó ní ọ̀bọ rí? Ìwé ìròyìn Punch ní London kì í jẹ́ kó sú òun láyé ọjọ́un: àgbọ̀n gígùn, eyín yíyọ síta, kóndó lọ́wọ́, ọmọ Írẹ́lándì nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Thomas Nast ya tirẹ̀ fún Harper's Weekly ní oṣù Kejìlá 1876. Ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ó fi èèyàn dúdú láti gúúsù jókòó sí apá kan, ó fi ọmọ Írẹ́lándì láti àríwá jókòó sí èkejì, òṣùwọ̀n náà dọ́gba. Òpè ni àwọn méjèèjì lójú tirẹ̀, ìbò ò sì yẹ lọ́wọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ọmọ ọdún 14 kan ti já irọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ̀wé ní 2002 pé àwọn ìkéde iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń sọ pé "ọmọ Írẹ́lándì má wulẹ̀ wá" kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ọmọ Írẹ́lándì ló ń ròyìn ìyà tí wọn ò jẹ. Ọmọbìnrin náà jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá inú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì rí ìkéde náà rẹpẹtẹ. Ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń kà ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2015.

A jọ jẹ irú ìyà kan náà, ó yẹ ká jọ fẹ́ràn ara wa, àbí? Dúró ná.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Frederick Douglass, ẹrú tó sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, dé Írẹ́lándì ní 1845, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin níbẹ̀, ó sì kọ̀wé sílé pé níbẹ̀, èèyàn ni wọ́n ka òun sí, wọn ò wo àwọ̀ òun? Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Daniel O'Connell ní Dublin, olóṣèlú tó tóbi jù lọ ní Írẹ́lándì ìgbà náà, tó kórìíra òwò ẹrú débi pé kò kọ̀ kó sọ ọ́ sójú àwọn tó ń fún un lówó. Ní 1841, nǹkan bí èèyàn 60,000 ní Írẹ́lándì fọwọ́ sí ìwé kan, orúkọ O'Connell wà níbẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìyá wọn ní Amẹ́ríkà: ẹ bá àwọn tó fẹ́ tú ẹrú sílẹ̀ ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́hùn-ún kọtí ikún sí i. Iṣẹ́ èbúté ni wọ́n ń bá èèyàn dúdú dù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí ẹrú bá di òmìnira, owó iṣẹ́ á já wálẹ̀.

Ní oṣù Keje 1863, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi ọ̀ranyàn mú èèyàn lọ sójú ogun abẹ́lé. Ẹni tó bá ní dọ́là 300, kó san án, kó padà sílé. Ta ló ní dọ́là 300 nínú àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté? Inú bí tálákà New York, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì, wọ́n sì ní ìdí tó fi yẹ kí inú bí wọn. Àmọ́ àwọn tí wọ́n wá fi ìbínú náà kàn ni mo fẹ́ kó o wò. Wọ́n so èèyàn dúdú rọ̀ sórí igi àti òpó iná. Ilé àwọn ọmọ dúdú tí kò lóbìí ní Fifth Avenue, tó gba ọmọ tó lé ní 200, wọ́n kó o, wọ́n finá sí i. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ náà jáde. Ọdún 16 péré ló wà láàárín owó Choctaw àti iná yìí.

Díẹ̀ kíákíá.

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni ìtàn tó ń ja ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọmọ Írẹ́lándì jẹ́ ẹrú ní Caribbean gẹ́gẹ́ bí èèyàn dúdú ṣe jẹ́? Ìwọ̀fà ni púpọ̀ nínú wọn, òmíràn tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n fi agbára kó lọ, ìyà sì jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àsìkò ìwọ̀fà ń parí, ọmọ ìwọ̀fà kì í sì í jogún ẹrú. Yorùbá tó mọ ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú ò nílò àlàyé púpọ̀. Liam Hogan, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ní Limerick, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ìtàn yẹn palẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Írẹ́lándì náà ní ẹrú? Ní Montserrat, erékùṣù Caribbean tí èyí tó pọ̀ jù nínú òyìnbó ibẹ̀ nígbà náà jẹ́ ará Írẹ́lándì, àwọn ẹrú dìtẹ̀ láti gba ara wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ Patrick Mímọ́ ní 1768, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọ̀gá á ti mutí yó. Àṣírí tú, wọ́n pa àwọn kan nínú wọn. Títí di òní, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta jẹ́ ọlidé ní Montserrat, àwọn tó kú náà ni wọ́n sì fi ń rántí.

Ṣé o mọ̀ pé Roger Casement, tí ìjọba Britain yẹgi fún ní 1916 torí òmìnira Írẹ́lándì, ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Calabar wa níbí ní 1892 sí 1895? Òun náà ló tú àṣírí ìwà ìkà tí wọ́n ń hù sí àwọn ará Congo nítorí rọ́bà, nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1904.

Ṣé o mọ̀ pé Éamon de Valera, tó ṣe olórí ìjọba àti ààrẹ Írẹ́lándì, New York ni wọ́n bí i sí? Edinburgh ni wọ́n bí James Connolly, aṣáájú ìjà òmìnira Írẹ́lándì, sí. Bàbá Leo Varadkar tó di olórí ìjọba ní 2017 wá láti Mumbai.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àpótí.

Ní ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀bù Írẹ́lándì láyé ọjọ́un, àpótí kékeré kan máa ń wà, ère ọmọ dúdú á kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ Írẹ́lándì á sọ kọ́bọ̀ sínú rẹ̀, ère náà á mi orí: ẹ ṣé. Owó àwọn ọmọ dúdú nìyẹn, fún iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì. N ò ní bú u pátápátá, torí irú owó bẹ́ẹ̀ náà ló kọ́ ilé-ìwé àti ọsibítù fún wa, ìjọ míṣọ́nnárì SMA tó ní ẹ̀ka ní Cork ò ṣàjèjì ní Ìbàdàn àti Oǹdó. Ìjọ yẹn náà ni Àlùfáà Kevin Carroll wà, ẹni tó kó Bándélé ọmọ Aréògún àti Làmídì Fákẹ́yẹ jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 kí wọ́n lè gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ro ó wò: ọmọ dúdú tó ń kúnlẹ̀, tó ń mi orí, òun ni wọ́n fi tọ́ ìran kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọmọ náà á dàgbà, á wọ bàálù, á dé, á béèrè iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Paul McGrath, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ tí Írẹ́lándì tíì ní, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀? London ni ìyá rẹ̀ sá lọ bí i sí ní 1959, kí ará ilé má bàa mọ̀. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Dublin ló ti dàgbà. Ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àwọn tó dàgbà nínú wọn sì ti wá kó ara wọn jọ lónìí láti sọ ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀. McGrath gbá bọ́ọ̀lù fún Írẹ́lándì ní ìgbà 83. Ní 1990 àti 1994, àwọn tí ì bá máa fojú burúkú wò ó ní ojú pópó ń kọrin orúkọ rẹ̀.

Èyí tó kù yìí, mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Írẹ́lándì tí kò ní ìwé ìgbélùú ni orísun lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà? Lọ́tìrì tí gbogbo káfé kọ̀ǹpútà ní Èkó àti Ìbàdàn máa ń tìtorí rẹ̀ ya fọ́tò nígbà kan, tí àwọn èèyàn máa ń gbààwẹ̀ lé lórí! Ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ ò sí ní Írẹ́lándì. Ọ̀dọ́ á gba físà ìbẹ̀wò lọ sí Boston tàbí New York, àsìkò rẹ̀ á pé, kò ní padà. Wọ́n ń kun ọ̀dà ilé, wọ́n ń tọ́mọ fún ọlọ́mọ, wọ́n ń sá fún ìmígírésọ̀n. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó ní ọmọ Írẹ́lándì lágbègbè wọn bá dìde. Brian Donnelly ti Massachusetts jà fún un, físà lọ́tìrì kan jáde ní 1986, ọmọ Írẹ́lándì ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Bruce Morrison ti Connecticut tún ṣe tirẹ̀ sínú òfin 1990: físà 40,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Írẹ́lándì. Nínú òfin kan náà ni lọ́tìrì gbogbo ayé ti jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Ọmọ Nàìjíríà jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ní a ti pọ̀ jù, wọ́n yọ wá kúrò. Nítorí náà bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá wà ní Houston nípasẹ̀ lọ́tìrì, ọmọ Írẹ́lándì kan tó ń sá fún ọlọ́pàá ní Boston ló la ọ̀nà yẹn fún un.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Owó wọ Írẹ́lándì láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn tó lọ ń padà, àwọn tí kò débẹ̀ rí ń dé, Yorùbá wà nínú wọn. Òfin ìgbà yẹn rọrùn: ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ Írẹ́lándì, ọmọ Írẹ́lándì ni. Ẹjọ́ kan tilẹ̀ wà tí gbogbo lọ́yà Írẹ́lándì mọ̀, ẹjọ́ Fajujonu, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ 1990, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ọmọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí kí òbí rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀, ìjọba ò kàn lè ṣàdédé lé wọn.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2004? Wọ́n ní kí aráàlú dìbò: ṣé kí bíbí sórí ilẹ̀ nìkan máa sọni di ọmọ ilẹ̀ lọ, àbí kó dópin? Àwọn aboyún tó ń wọ bàálù wá bímọ ni ẹjọ́ tí olóṣèlú ń rò kiri, obìnrin Nàìjíríà ló sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò pé kó dópin. Ó dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2005.

Ní ọjọ́ kan náà gẹ́lẹ́, ní ibùdó ìdìbò kan náà, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Portlaoise yan Rótìmí Adébárí, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó dé Írẹ́lándì ní 2000 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ààbò. Ennis yan Dókítà Táíwò Matthew, ọmọ Nàìjíríà mìíràn. Ènìyàn kan náà, bébà ìdìbò méjì: pẹ̀lú ọ̀kan ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú èkejì ó fi ọmọ Nàìjíríà sípò. Tí o bá bi mí, n ò rí ẹ̀rí mìíràn tó fi ìwà èèyàn hàn tó ìyẹn. Èyí tí wọ́n mọ̀ lójú, aládùúgbò ni. Èyí tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn, ọ̀tá ni. Ní 2007, Adébárí di méyọ̀ Portlaoise, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní gbogbo Írẹ́lándì.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n bí sí Írẹ́lándì, tó ń gbé ní Boston tàbí Buenos Aires, tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì gba ìwé ìrìnnà? Ọmọ tí wọ́n bí sí Dublin láti 2005 ńkọ́? Àfi tí òbí rẹ̀ tó jẹ́ àlejò bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ṣáájú ìbí rẹ̀, àkókò ìwé físà akẹ́kọ̀ọ́ àti àkókò tó fi ń dúró de ìdáhùn ìjọba ò sì wọnú ìṣirò.

Ìdúró yẹn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Láti 2000, inú àgọ́ ni wọ́n ń kó àwọn tó ń wá ààbò sí. Mosney, ibi tí àwọn ará Dublin ti ń lọ gbádùn ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀, di ọ̀kan nínú wọn. Owó àpò àgbàlagbà jẹ́ yúrò 19 àti sẹ́ǹtì 10 lọ́sẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún 15 lọ. Iṣẹ́ ò sí, òfin kọ̀ ọ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 2017 pé òfin yẹn kò bójú mu. Ní ọ̀pọ̀ àgọ́, èèyàn ò lè se oúnjẹ ara rẹ̀. Ìyá tó mọ ẹ̀gúsí sè á gbé àwo tò sórí ìlà, ọdún méjì, ọdún márùn-ún, kí wọ́n bu ohun tó wà fún un.

Ní oṣù Kẹta 2005, wọ́n fi bàálù kó ọmọ Nàìjíríà padà sí Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Palmerstown ní Dublin wà lára wọn, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ló wọ̀ dé Èkó, ó ku oṣù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, òyìnbó ọmọ Írẹ́lándì, gba ìgboro, wọn ò dákẹ́ títí mínísítà fi gbà kó padà wá ṣe ìdánwò náà. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn òbí wọn dìbò 79 yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀tanú tó le jù níbẹ̀ kò tilẹ̀ kan àwọ̀? Àwọn Traveller, nǹkan bí 33,000, òyìnbó bíi ti àwọn ọmọ Írẹ́lándì yòókù ni, wọ́n ti wà nílẹ̀ náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ Nàìjíríà. Aṣíkiri ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ọtí á lé wọn, onílé ò ní fún wọn nílé. Oṣù Kẹta 2017 ni ìjọba tó gbà pé ẹ̀yà kan ni wọ́n lọ́tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2023, ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gún àwọn ọmọdé níwájú ilé-ìwé wọn ní Parnell Square ní Dublin, ẹni tó sì bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tó fi àṣíborí rẹ̀ lù ú ṣubú ni Caio Benicio, ọmọ Brazil tó ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà? Ọ̀rọ̀ tàn ká pé àlejò ló gún wọn. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n ń dáná sun bọ́ọ̀sì, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pariwo pé kí àlejò máa lọ.

Ṣé o mọ Rhasidat Adeleke? Dublin ni wọ́n bí i sí ní 2002, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Ó ṣe ipò kẹrin nínú eré 400 mítà ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, kò sí obìnrin Írẹ́lándì tó sáré tó o rí. Gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ká ní 2005 ni wọ́n bí i, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọdún tí òbí rẹ̀ ti lò.

Ìkan ló kù, ó sì wúlò fún ẹni tó bá ní ará lọ́hùn-ún. Nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Írẹ́lándì, wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà Írẹ́lándì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tó sì ń gbé níbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ kó dìbò, títí kan ẹni tó ṣì ń wá ààbò, ó sì lè du ipò. Ọmọ Írẹ́lándì tó ń gbé ní Boston kò lè dì í. Ìbò náà ń wáyé ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Wọ́n ṣe é ní 2024, ó di 2029.